Ìkànnì Tí Kò Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Gbàgbé

Má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ìwọ lo kọ́ ìkànnì ọsibítù yẹn, àbúrò mi ni ẹ́, ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀.

Ṣé o rántí ìgbà àkọ́kọ́? Mo ń kọ ọ̀rọ̀ àìsàn Màmá síbẹ̀ kí wọ́n lè fún wa ní nọ́ọ̀sì tí á máa wá sílé, mo ti kọ ọ́ dé ìdajì, Màmá ní òun fẹ́ tọ̀. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ, ṣé wàrà wàrà ni wọ́n ń gbé e ni? Mo gbé e, mo nù ún, mo pààrọ̀ aṣọ fún un, mo padà dé, kọ̀ǹpútà ní àsìkò mi ti tán, kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gbàgbé mi. Mo pè ọ́, o ní kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín kì í dúró de ẹni tó bá ti dákẹ́, kí olè má baà wọlé. Èmi ni olè?

O bínú, o lọ fi kún àsìkò náà kó lè máa dúró deni. O ṣeun. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Mo lo kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń lò lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, mo pa ojú ewé náà dé, mo bá tèmi lọ. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ló jókòó síbẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó ṣí i, orúkọ Màmá ló yọ sí i, àti gbogbo ohun tí mo kọ, títí kan ti ìtọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́, ó ti fọ́, ta ló fẹ́ kó o jọ? Àná, ẹnì kan dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ń bi Màmá bóyá ó ti ń jí gbẹ.

Kí lo ń sọ lábẹ́ ètè yẹn? Bọ́tìnì ìjáde? Ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ lọ fi í sí kọ̀rọ̀. Ta ló ń wá bọ́tìnì nígbà tí dókítà bá ń pe orúkọ ìyá rẹ̀?

Ẹ ti ń tún un ṣe? Ẹ máa tún un ṣe lọ. Màmá ti kọjú sógiri, kò jẹun lọ́wọ́ mi, ó ní èmi ni mo tú òun síta. Wọlé lọ bá a. Sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Mo fẹ́ kí ìyá mi tún bá mi sọ̀rọ̀.