Ìwé Òfìfo Tí Múfú Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa Múfú, ọ̀rẹ́ mi.

Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀kùn kan bá bàjẹ́, ìjọba ní Abẹ́òkúta la máa ń kọ̀wé sí. Nígbà tó yá, ìjọba ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣàkóso ara rẹ̀: kí èmi àti ìgbìmọ̀ àwọn òbí jọ pinnu, kí alága fọwọ́ sí i. Múfú oníṣòwò aṣọ ni wọ́n fi ṣe alága. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wá, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa.

Nígbà tó fẹ́ rìnrìn àjò, ó fọwọ́ sí ìwé òfìfo mẹ́ta fún mi.

"Bẹ́ ẹ bá ti ṣèpàdé, kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò lé lórí sí i. Ṣé ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi á dà mí ni?"

Mi ò pe ìpàdé kankan. Ìwé kìíní, mo fi gba àbúrò ìyàwó mi síṣẹ́ olùkọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìwé kejì, mo fi gé lára pápá ìṣeré àwọn ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ ilé tèmi níbẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Múfú ti àjò dé, ó bá mi nídìí ìpìlẹ̀ náà.

"Ta ló ní kó o kọ́lé síbí?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Ìgbìmọ̀ wo? Ṣé èmi kọ́ ni alága ni?"

Mo fi ìwé hàn án. Ó wò ó títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi rèé lóòótọ́. Ọwọ́ mi lo fi ja àwọn ọmọ yìí lólè. Màá sọ ọ́ lọ́la níwájú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́."

"Múfú, mo bẹ̀ ẹ́."

"Àwọn òbí ni kó o lọ bẹ̀."

Ó mú ìwé náà, ó yíjú padà. Wọ́n ní ikú yá jẹ̀sín. Ikú ara ẹni ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ikú ọ̀rẹ́ ẹni. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ṣubú sínú ìpìlẹ̀ mi. Ìnagijẹ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ń pè mí ló fi pè mí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fàṣẹ lé yín lọ́wọ́, ẹ má dá a lò. Nílé ẹjọ́, wọ́n gbé ìwé kẹta, èyí tí mi ò tíì lò, sókè. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju orúkọ Múfú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fún yín nírú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tiyín sílẹ̀ títí gbogbo yín á fi jọ pinnu.