Èmi Ni Mo Ṣí Omi Oko Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí àfi obìnrin kan ṣoṣo. Òun náà ní kí n gbé e mì. Mo gbìyànjú, kò lọ. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ kó kúrò ní abúlé tí wọ́n bí wọn sí, ẹ̀sùn tó yẹ kó wà lọ́rùn mi sì ni wọ́n máa gbé lọ tí n kò bá tètè lanu.

Mo ti pinnu pé mo máa sọ̀rọ̀. Ìyẹn ti parí. Ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Parkchester ni mò ń gbé nínú Bronx, lókè òkun níbí. Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, àgbẹ̀ sì ni bàbá mi, iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Ibi iṣẹ́ ni mo ti pàdé ọkọ mi, Wei, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn. Ọmọ Ṣáínà ni. Àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní abúlé kan létí odò ní gúúsù ibẹ̀. Wọn kò lè wá síbi ìgbéyàwó wa, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo sọ fún Wei pé kó mú mi lọ kí wọn. Níbo ni wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó tí àwọn àna kò rí ojú rẹ̀?

Kí a tó gbéra, ìyá mi pè mí láti Ṣakí. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ jí ṣáájú rẹ o. Kí wọ́n bá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Má lọ fi oorun dójú tì mí níbẹ̀." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màámi." Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

A wọ ọkọ̀ òfúrufú, a wọ ọkọ̀ ojú irin, a wọ bọ́ọ̀sì, kí a tó dé etí odò náà. Bàbá ọkọ mi ló wá pàdé wa, àwọn àti aládùúgbò wọn tí mo máa pè ní Bàbá Wú. Ọkọ̀ pákó kan ni àwọn bàbá méjèèjì jọ ní láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Òun ni wọ́n fi ń kó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà ní òdìkejì odò. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ láti kí wọn. Ọkọ̀ fì, omi ta sí gbogbo wa lára. Bàbá Wú rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé pé àwọn ló ń wa ọkọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyí, èèyàn mi ni wọ́n.

Ilé náà ní àgbàlá tí igi ọsàn wà láàárín rẹ̀. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ lórí àtẹ̀gùn òkúta létí odò, wọ́n ń fi igi lù ú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lọ, wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tó ni ilé. Ẹ̀yìn ilé gan-an ni oko ìrẹsì wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé, ó sì ti rẹ̀ wá. N kò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ká ní mo béèrè!

Ní ìdájí, mo ti jí. Wei ń hanrun. Mo wá ìgbálẹ̀ kan, mo gbá àgbàlá náà mọ́ tónítóní, mo kó àwọn ewé ọsàn jọ. Nígbà tí mo ṣe tán, kò tíì sí ẹni tó jí. Ó yẹ kí n lọ jókòó. Ṣùgbọ́n èmi aláṣejù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn kiri. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé.

Omi ti bo gbogbo oko! Àwọn ìrẹsì náà dúró sínú omi dé ìdajì, wọ́n ń mì díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ oko iṣu, ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Lóko bàbá mi, bí òjò bá rọ̀ tí omi dúró sídìí ebè, eré ni wọ́n máa ní ká sá lọ sóko pẹ̀lú ọkọ́ láti la ọ̀nà fún un, kí iṣu má baà rà. Inú àpò nìkan ni mo ti mọ ìrẹsì. N kò rí oko rẹ̀ rí. Mo rò pé odò ló kún wọ oko àwọn àna mi nígbà tí wọ́n ń sùn.

Ní igun ìsàlẹ̀ oko náà, mo rí pákó kan tó dí ojú omi. Asẹ́ kan tí wọ́n fi ọparun hun wà níwájú rẹ̀, ewé àti pàǹtí ti kún ara rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo ohun tó dí i." Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀ náà, mo fa asẹ́ yọ, mo fa pákó yọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ. Mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo ń wò ó, inú mi sì dùn. Mo rò pé mo ti gba oko là.

Mo wọlé, mo fọ ọwọ́ mi. N kò fọ ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi jáde, wọ́n rí àgbàlá, wọ́n rí ìgbálẹ̀, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sódò kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó wọn. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó tí kò mọ ìgbà tí wọ́n bá ń yìn ín.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá ọkọ mi fi igbe ta lẹ́yìn ilé. Kí Wei tó jáde, Bàbá Wú ti wọ àgbàlá pẹ̀lú garawa kan lọ́wọ́. Ẹja pupa wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fò sókè sódò. Bàbá Wú ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mú ọmọ tó sọnù padà wálé. Bàbá ọkọ mi wo garawa náà, ojú wọn sì yí padà. Wọ́n nawọ́ sí ẹja, wọ́n nawọ́ sí oko, wọ́n nawọ́ sí àyà ọ̀rẹ́ wọn. Ohùn wọn ń ga sí i. Bàbá Wú ń mi orí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Lójijì ni Bàbá Wú wo ẹsẹ̀ mi. Ẹrẹ̀ dúdú ti gbẹ mọ́ ọn dé kókósẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wo ojú mi. Wọ́n tún wo ìyá ọkọ mi tó ṣì di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹnu wọn dé, wọ́n gbé garawa náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí omi rẹ̀ má baà dànù, wọ́n sì lọ sílé.

Wei ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní inú omi ni irú ìrẹsì yẹn ń gbé, inú omi yẹn náà ni wọ́n ti ń sin ẹja. Láti èṣí ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń sin wọ́n de àpèjẹ tí wọ́n fẹ́ fi kí èmi ìyàwó káàbọ̀. Wọ́n ti pe gbogbo abúlé. Ẹnì kan wá ṣí omi, ọ̀pọ̀ nínú ẹja sì ti bá a lọ sódò. Ojú oko Bàbá Wú ni omi náà ń gbà kọjá kó tó bọ́ sódò. Ọ̀dá wà lọ́dún yẹn. Bàbá Wú ti bẹ̀bẹ̀ fún omi, bàbá ọkọ mi sì ní kí wọ́n ní sùúrù títí àpèjẹ yóò fi kọjá. "Wọn kò lè ní sùúrù," ni Wei wí. "Wọ́n jí omi, wọ́n wá gbé ìyókù ẹja wá bí olóòótọ́."

Mo lanu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo lanu. Ìyá ọkọ mi sì gbé abọ́ ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi rí bí ògì fún mi, wọ́n ní kí Wei sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ti dé ilé ọkọ, kò sí ẹni tó jí gbálẹ̀ fún àwọn rí. Mo pa ẹnu mi dé. Mo mu ìrẹsì náà.

N kò ní parọ́ fún yín pé èdè ni n kò gbọ́. Wei wà níbẹ̀. Ìtìjú ni. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé obìnrin dúdú tí ọmọ wọn gbé wálé ti ba oko jẹ́ kó tó lo ọjọ́ kan. Mo sì fẹ́ràn ìyìn náà. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Wọ́n ṣe àpèjẹ náà, adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n pa. Àga Bàbá Wú ṣófo. Mo jẹun, mo rẹ́rìn-ín, mo ya fọ́tò. Lọ́jọ́ tí a ń padà, Bàbá Wú dúró lórí àtẹ̀gùn òkúta létí odò. Wọn kò kí bàbá ọkọ mi, wọn kò kí Wei. Èmi nìkan ni wọ́n juwọ́ sí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sunday tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni a máa ń pè wọ́n lórí fídíò. Ìyá ọkọ mi máa ń gbé fóònù jáde kí n lè rí odò. Mo sì máa ń rí ọkọ̀ pákó yẹn, wọ́n dojú rẹ̀ dé sẹ́bàá omi, koríko ti ń hù yí i ká. Kò sí èyí tó fọwọ́ kàn án nínú àwọn bàbá méjèèjì. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà báyìí, kálukú sì ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo béèrè Bàbá Wú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ọkọ mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Obìnrin tí mo sọ fún ni Ìyá Bíọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ní Castle Hill. Inú mọ́tò wọn ni a wà.

Wọ́n ní, "Ẹja? Just fish? Gbé e mì jàre. Marriage ẹ ń lọ smoothly, àwọn in-law ẹ fẹ́ràn ẹ, o wá fẹ́ fi ẹnu ara ẹ tú u?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti ẹja mọ́. Àwọn bàbá méjì yẹn ni."

"Wọ́n á settle. Àgbà ni wọ́n. O ò mọ̀ bóyá wọ́n tiẹ̀ ti forgive ara wọn."

Wọn kò settle. Ní Sunday tó kọjá, ìyá ọkọ mi sọ fún wa pé ọmọ Bàbá Wú ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí ìlú ńlá bí wọ́n bá ti kórè tán. Wọ́n ti ń di ẹrù. Bàbá ọkọ mi pariwo láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá Wei ti gbọ́, wọ́n máa ń gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn Bàbá Wú, oúnjẹ wọn á sì máa tutù nínú abọ́. Wei ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí ìròyìn lásán. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ ojú irin 6 tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, mo sọ fún ara mi pé ó tó. Mo ti fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ Wei bí wọ́n ṣe ń pe "èmi," bí wọ́n ṣe ń pe "omi," bí wọ́n ṣe ń sọ pé ènìyàn ṣí nǹkan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń kọ́ bí màá ṣe bá ìyá rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Mò ń wí i lẹ́nu lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ náà: èmi ni mo ṣí omi, èmi ni mo ṣí omi. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lánàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kà mí, mo mọ̀ pé ó lè ba orúkọ rere tí mo ní nílé ọkọ jẹ́. Ó lè jẹ́ kí Wei béèrè ohun mìíràn tí mo tún fi pa mọ́ fún òun. Màá dá a lóhùn. Mo ti jẹ ìyìn ìgbálẹ̀ yẹn fún ọdún mẹ́ta, ó sì ti ń korò lẹ́nu mi láti ọjọ́ kìíní.

Sunday tó ń bọ̀ yìí, yálà ẹ dá mi lóhùn tàbí ẹ kò dá mi lóhùn, màá sọ ọ́ kí wọ́n tó di ẹrù Bàbá Wú tán. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dà mí láàmú, òun ni kí ẹ bá mi dá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: ọkọ mi tí mo tàn jẹ, bàbá ọkọ mi tí mo gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí ẹni tó rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi tó sì dákẹ́?