Iyọ̀ Ni Wọ́n Fi Ìwé Ẹgbẹ́ Bàámi Di

Rárá o, Àǹtí Rosaline, ẹ jókòó, ẹ má dìde, ẹ má sọ pé oníbàárà ń pè yín, kò sí oníbàárà kankan níta, mo ti pa ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé. Iyọ̀! Iyọ̀ lẹ fi ìwé Bàámi di! Ogun abẹ́lé jà títí, ogun parí, ìwé ò jóná. Àbúrò Bàámi, àbúrò Oyèdìran fúnra ẹ̀, ló wá ń ya á lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi di iyọ̀ fún oníbàárà.

Ṣé ẹ rántí ẹni tó bá wa tọ́jú àpótí yẹn? Nígbà tá a ń sá lọ sílé kógun tó bẹ̀rẹ̀, tọ́wọ́ Bàámi ò ká ju èmi àtẹrù díẹ̀ lọ, Mama Obiageli ló gbà á, ọmọ Íbò, aládùúgbò wa ní Woliwo, nílẹ̀ Íbò níbí. Nígbà tógun lé òun náà dé Umunya, ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó fi ẹní sílẹ̀, ó ru àpótí Yorùbá. Ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé bàbá ẹ̀. Ogun parí, mo padà dé, ó hú u, ó ní, "Nna, were ihe papa gị," kí n gba ẹrù Bàámi. Bàámi ti kú. Mo gbé e síbí, mo ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ló láàbò. Láàbò, àbí?

Ẹ sì mohun tó wà nínú ẹ̀ o. Fọ́tò Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Òṣìṣẹ́ Kátólíìkì, báàjì wọn, ìwé ìpàdé wọn. Nígbà ayé ẹgbẹ́ yẹn, ọ̀gá télọ̀ kan ń ti àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n lè máa ránṣọ. Àwọn Bàámi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, Íbò pẹ̀lú Yorùbá, wọn ò jà, wọn ò bú u, wọ́n ń ka rósárì títí tó fi ṣílẹ̀kùn. Bàámi ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sójú ewé kan nínú ìwé ìpàdé yẹn. Ibo ló wà? Àná ni mò ń tojúlé dójúlé, mò ń bẹ àwọn ìyálé ilé pé, biko, ẹ máa jẹ iyọ̀ yín, bébà ẹ̀ ni mo fẹ́. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Ọ̀kan lóun ti fi dáná.

Ẹ̀yin náà wá ní ẹ ṣáà tọ́jú báàjì, torí fadá ti bù kún un, pé ìwé ò gba omi mímọ́ rí, bébà lásán ni. Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé báàjì ló lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá yẹn?

Kò burú, mi ò bẹ̀ yín mọ́. Láàárọ̀ yìí mo gbé àpótí lọ bá fadá, ó wọ́n omi mímọ́ sí gbogbo ìwé tó kù, ó wọ́n ọn dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù ohun tí fadá bù kún, ẹ wá fọwọ́ kàn án kí n rí i.

Kí lẹ ń wá lábẹ́ káńtà? Bébà tẹ́ ẹ rà fún ọjà? Hẹ̀hẹ̀ẹ̀. Mo kó òun náà dání lọ bá fadá, omi mímọ́ kan gbogbo ẹ̀. Fadá ò béèrè èwo ni tẹ̀gbọ́n, èwo ni tàbúrò. Ewé eéran wà lọ́jà, Àǹtí mi, ẹ lọ rà á, kẹ́ ẹ fi di iyọ̀ yín.