Kọfí Tí Mo Kọ̀ Láti Mu Nílé Bàbá Ani

Nígbà tí èmi wà lọ́mọge, ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin tó bá dìde sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n á ní kí wọ́n tètè wá ọkọ fún un. Èmi gan-an, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà tí bàbá mi fi mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. “Ṣé ìwé ni yóò fi se ọbẹ̀ fọ́kọ?” Háà, bàbá mi…

Ẹ wá wo ayé òní. Ẹ mọ Ani, ọ̀rẹ́ Tóbi ẹ̀gbọ́n yín, tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní Irving, ní Amẹ́ríkà níbí. Ará Àméníà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, wọ́n lé àwọn ìyá ńlá wọn kúrò nílùú, wọ́n pa ọ̀pọ̀, àwọn tó kù fọ́n káàkiri ayé. Bàbá rẹ̀ tó ń tún mọ́tò ṣe fẹ́ kó di dókítà. Ani gbà? Òfin ló lọ ń kà ní yunifásítì! Ó tún kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, pé kí ìgbìmọ̀ ìlú ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti rántí àwọn òkú wọn. Òun ni yóò sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Nígbà tó ku ọ̀la kó sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ lọ. “Ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Ẹ jẹ́ ká máa jẹun wa jẹ́ẹ́.”

Ọmọ náà sunkún wá bá mi. Mo wé gèlè, mo ní kí Tóbi wá máa túmọ̀, a sì sọdá lọ sílé wọn. Ìyá Ani gbé kọfí wá nínú ife kékeré. Mo tì í sẹ́yìn. “Sọ fún wọn, mi ò ní mu ún, àfi tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.”

Ẹ gbọ́… ọkùnrin náà fò dìde! Àṣé báyẹn gan-an ni wọ́n ń tọrọ ìyàwó nílé wọn: àgbà tó bá wá tọrọ ọmọ kì í fẹnu kan kọfí títí àwọn òbí ọmọ á fi jẹ́ hòo. Tó bá fi í sílẹ̀ jáde, ẹ̀gàn ńlá ni fún onílé. Ta ló sọ fún mi? Bá a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ni mo ṣe!

Ó ní, “Màmá, ọmọkùnrin wo lẹ fẹ́ fẹ́ ẹ fún?”

Mo ní, “Mi ò wá fẹ́yàwó. Ẹnu rẹ̀ ni mo wá tọrọ, fún àwọn ìyá yín tí kò lẹ́nu mọ́.”

Ó jókòó padà. Ó wá rọra ti ife náà padà sí mi. “Ó ń tutù lọ, Màmá.”

Mo gbé e mu tán. Ó korò bí ewúro!

Lọ́jọ́ kejì, Ani sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ ní àwọn á rò ó wò. Ani ní òun náà á padà wá. Bàbá rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ, òun náà ló máa tún gbé e lọ.

Ẹ kàwé o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwé dí yín lẹ́nu. Ayé ti yí padà… ó sì ṣojú mi!