Ta Ló Kúnlẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Màríà?

Mo ń dúró de férémù fọ́tò ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan l'Ágbojú, nígbà tí ìyá àgbà kan wọlé wá wo àwòrán tó ní kí wọ́n yà fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrántí ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

“Ta ni ẹni bíńtín tó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Màríà yìí?”

“Mọ́mì, bí àwọn òyìnbó ṣe ń yà á láyé ọjọ́un nìyẹn. Màríà á tóbi, ẹni tó fi àwòrán ta ìjọ lọ́rẹ á kéré, kí wọ́n lè máa gbàdúrà fún ọkàn ẹ̀.”

“Ṣé ọkọ mi wá nìyẹn?”

“Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà.”

“Ọkọ mi ò kọlà. Ta ló ni àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ yìí?”

Ayàwòrán ń nu búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín ló mú fọ́tò wá. Wọ́n ní ẹ mọ̀ sí i.”

“Fọ́tò ta?”

“Fọ́tò tiwọn ni, mà.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Ọkọ mi ló kú, alága ló wá kúnlẹ̀ gba àdúrà ẹ̀!”

Títí dòní, gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi. Ìyá àgbà náà fa àga, ó jókòó, ó yọ fọ́tò ọkọ rẹ̀ nínú báàgì.

“Ó yá, gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ìṣojú mi ni wàá ti pa ilà yẹn rẹ́.”