Kẹ́ẹ̀gì Tí Mo Jù Sínú Iná

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì ju ọdún méje lọ, ó sì ti bá mi lórí ẹní àìsàn. Èmi Ládòkun, mẹkáníìkì tí ẹ mọ̀ ní Ṣakí, ni mo ń sọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró mi dé, kò sì dára. Ikọ́ kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró mọ́, nítorí náà ọmọ mi Ìyanuolúwa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ti sunkún lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ẹ ó rántí ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì ti Alhaji Ràmọ́nì ará Ìwéré-Ilé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ eré sísá àtijọ́ ni. Kabúrétọ̀ méjì, níbi tí pẹtiróò àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ló wà lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, gbogbo mẹkáníìkì ló sì ń sá fún un. Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo tú méjèèjì palẹ̀, mo fi pẹtiróò fọ ihò wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán ojú wọn. A ó tẹ́ pépà oníyanrìn sórí dígí, a ó máa yí irin náà lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí epo kò ní rí ibi jò. Iṣẹ́ sùúrù ni. Èkíní gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta, ó dán débi pé mo rí eyín mi nínú rẹ̀. Èkejì ni mo ti ṣìnà. Àwọn ènìyàn ti ń wá wòran, mo ti ń fọ́nnu pé kó tó di Jímọ́ọ̀ ọkọ̀ á dún. Mo ju pépà sílẹ̀, mo mú fáìlì tí a fi ń ha irin. Fáìlì yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì gbẹ́ kòtò gígùn sí ibi tí ìdérí ilé epo inú kabúrétọ̀ náà ti ń jókòó.

Ó yẹ kí n sọ pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, kí a wá òmíràn. Ojú tì mí. Mo po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí i. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ ọṣẹ: a máa ń fi dí táǹkì tó ń jò, kí ènìyàn lè rọra délé. Ẹnikẹ́ni kì í fi rin ìrìn àjò. Mo mọ̀, mo sì ṣe é.

Misturat, ìyàwó Alhaji, ló wá gbé ọkọ̀, nítorí òun gan-an ló máa ń wà á. Ó jókòó, ó fa imú.

“Bàbá Ìyanu, mo ń gbóòórùn pẹtiróò o.”

“Ìyá Mujeebat, èyí tí mo fi fọ̀ ọ́ ni. Kẹ́ ẹ tó délé á ti lọ.”

“Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kọ́wọ́ yín máa mókè.”

Àdúrà ni obìnrin náà fi dá mi lóhùn.

Kò tó wákàtí kan tí ọlọ́kadà kan fi wá sọ pé ọkọ̀ pupa kan ń jóná lọ́nà Ìwéré-Ilé. Mo wọ píkọ́ọ̀pù mi, mo sáré lọ. Wọ́n ti fa Misturat jáde, ó ti kú, wọ́n ń wá aṣọ tí wọn ó fi bò ó. Mo wo ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀; ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i. Kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń gbé pẹtiróò ìfọ-irin wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí wọ́n ń bo òkú, mo jù ú gba fèrèsé ẹ̀yìn tó ti fọ́ wọnú iná. Mo wá pè wọ́n, mo ní, “Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì. Epo ni obìnrin yìí gbé.”

Ẹ mọ̀ pé ẹnubodè kò jìnnà sí wa, ẹ sì mọ àwọn tó ń gbé epo gba Ìjìó kọjá. Kí oòrùn tó wọ̀, Misturat ti di onífàyàwọ́. Ènìyàn mẹ́fà péré ló kírun sí i lára.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Alhaji wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó ní, “Bàbá Ìyanu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí ji ìyàwó mi. Ó ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi gbé pọ̀, mi ò mọ̀ pé ó ń gbé epo.” Mo sì dáhùn pé mo ti forí jì í. Èmi tí mo pa á ni mo forí jì í. Ìkà wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Lóṣù tó kọjá, ìdílé tó fẹ́ fẹ́ Mujeebat ọmọ wọn yẹ àdéhùn. Wọ́n ní àwọn kì í fẹ́ ọmọ onífàyàwọ́. Ọkàn mi bàjẹ́ ju bí ikọ́ yìí ṣe lè bà á jẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ pé ó bàjẹ́. Ìtìjú ọjọ́ kan ni.

Alhaji, mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí Lèmọ́ọ̀mù ka ìwé yìí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí ìdílé tó kọ Mujeebat náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kà á tán, kí gbogbo yín lọ sí ibi tí Misturat sùn sí, kẹ́ ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi lẹ gbà gbọ́, ẹ ò gba òun gbọ́.