Ọjà Keje Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Nǹkan kan wà láyà mi láti ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé oṣù tó kọjá ni mo tó mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe burú tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ ní Ọjà-Ọ̀dàn. Láti Tube títí dé Ìpókíá, kò sí ọ̀nà inú igbó tí ọ̀kadà mi kò mọ̀. Àpò ìrẹsì mẹ́rin ni mo máa ń dì sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń di méjì. Ẹ bi wọ́n.

Ìwé nìkan ni n kò rí kà. Ìwé kẹta ni mo dé tí bàbá mi fi mú mi lọ sóko. Nọ́ńbà ni mo mọ̀. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ máa kọ tí n kò ní pè, nítorí ara àpò àti ara mọ́tò ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà, bí èèrà ló ń rí lójú mi. N kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Tí wọ́n bá gbé ìwé dé, màá gbà á, màá fajú ro, màá mi orí.

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, ọ̀kadà mi dúró sílẹ̀. Sójà kún inú igbó. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ayétòrò, ó ní òun máa padà tí nǹkan bá dára. Kò padà. Èmi tí ohùn mi máa ń gba gbogbo gáréèjì, mo wá ń jí, mo ń jókòó, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń pè mí ní ọ̀gá kò yà mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń pè mí ni Màmá tí ilé wọn kan tèmi. Opó ni wọ́n, ojú wọn sì ti ń ṣú. Wọ́n ní bí ẹni ń wo inú èéfín ló rí. Ọmọ méjì ni wọ́n ní. Obìnrin wà ní Ìlaròó, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múlíkà. Ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Gàníù, olùkọ́ ni ní Ìpobẹ̀, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó máa ń kọ ìtàn, irú èyí tí ẹranko ń sọ̀rọ̀, tí igi ń rìn.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti bọ́dà ni Gàníù fi ìwé kan rán awakọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ìtàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Ó ya àwòrán sí i: òrùka kan, àdó kékeré kan, àti díńgí kan. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. A fi fóònù mi pè é títí. Obìnrin inú ẹ̀rọ kàn ń sọ Faransé sí wa létí ni. Màmá bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ní ká ṣe sùúrù, pé àlàáfíà ni Gàníù wà. Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbọ́ Faransé kankan ju bọ́ńjúù lọ.

Màmá ní àwọn máa pe ọmọ iléèwé kan kó wá ka ìwé náà fún àwọn. Mo ní, “Màmá, irú ìwé yìí kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń kà. Nígbà tí èmi wà ńlẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Mi ò mọ̀ pé akọ̀wé ni mo bá múlé gbè.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Akọ̀wé. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Mo ṣí ìwé. Èèrà kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí 3, mo rí 7. 7 ló pọ̀ jù. Mo sì rí àwòrán. Ó tó mi. Mo ní ọkùnrin kan lọ sí ìrìn àjò pẹ̀lú òrùka àti àdó. Tó bá yí òrùka lẹ́ẹ̀mẹta, odò á là. Tó bá ṣí àdó, èéfín á bo àwọn ọ̀tá lójú. Díńgí ni ìyá rẹ̀ fi ń wò ó láti ilé. Bodè méje ló wà lọ́nà, aṣọ sójà sì ni àwọn tó ń ṣọ́ wọn wọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń kà. Tí n kò bá mọ ibi tí mo máa gbé e gbà mọ́, màá ní ojú ń ro mí. Irọ́ náà dùn, n kò ní tàn yín. Títí dòní n kò tíì rí ẹni tó lè pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Màmá mọ àlọ́ jù mí lọ. Wọ́n ní nínú àlọ́, ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ á kùnà, ẹ̀ẹ̀kẹta á bọ́ sí i. Tó bá wá di ti méje, nǹkan ti pé nìyẹn, ẹni tó lọ á dé. Wọ́n fọwọ́ kan ìwé náà. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, èmi ni Gàníù ń bá wí. Ó ní ọjọ́ ọjà keje lòun máa wọlé, àbí?”

Mo lè sọ pé rárá. Mo wo ojú wọn. Mo ní, “Ohun tó kọ síbẹ̀ gan-an nìyẹn, Màmá.”

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọ́n ń so kókó kan sí etí ìborùn wọn.

Kókó di márùn-ún. Ni Múlíkà bá gbé mọ́tò dé. Àwọn dókítà ojú kan wá sí Ìlaròó fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Màmá kọ̀. Wọ́n ní kókó àwọn kò tíì pé, ṣé kí Gàníù wá bá ilé ní títì ni? Múlíkà bẹ̀ wọ́n títí, ó sunkún. Ó wá yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ̀ ń kàwé fún wọn. Wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.”

Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé Akọ̀wé kò mọ̀wé. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí méje pé ná.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ọjà keje pé. Màmá wọ aṣọ tó dáa. Mo gbé àga wọn lọ sí oríta, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Tí ọ̀kadà bá kọjá, wọ́n á gbórí sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, èmi náà ń wo ọ̀nà. Nígbà tí ọjà tú, Màmá ní, “Bóyá a ṣì í kà ni.” Mo ní bóyá.

Kí Múlíkà tó tún rí ọ̀nà gbé wọn, àwọn dókítà ti lọ. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ ní inú ẹyin ojú ti kú. Wọ́n ní ká ní wọ́n tètè gbé wọn wá ni.

Bọ́dà ṣí. Gàníù dé. Wọ́n ti jí fóònù rẹ̀, nọ́ńbà wa sì bá a lọ. Màmá fi ọwọ́ wá imú rẹ̀, wọ́n wá etí rẹ̀, wọ́n bá irùngbọ̀n tí wọn kò mọ̀ pé ó ti hù. Wọ́n wá ń sọ ìtàn inú ìwé rẹ̀ fún un, bodè méje, òrùka, gbogbo rẹ̀. Gàníù gbọ́ ọ tán. Ó bi wọ́n pé ta ló kà á fún wọn. Wọ́n nawọ́ sí ibi tí mo jókòó sí.

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín dára ju tèmi lọ.”

Inú mi dùn. Mo lọ ròyìn ní gáréèjì pé olùkọ́ tó gbọ́ Faransé yìn mí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ládùúgbò wa. Mo sọ fáwọn èèyàn pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ lọ fi kún tèmi. A, B, D ni mo lọ bẹ̀rẹ̀. Mo sì ju gbogbo wọn lọ ní kíláàsì. Nígbà tó di oṣù tó kọjá, mo mú ìwé Gàníù, nítorí ọwọ́ mi ni Màmá fi í sí. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Òrùka àti àdó, ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin náà sọ wọ́n sódò, ó ní agbára wọn kò tó ti ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ wálé. Díńgí ló kù, tó wà lọ́wọ́ ìyá. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá wo inú rẹ̀ láti rí ọmọ, díńgí á bu díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀. Tó bá wò ó lẹ́ẹ̀keje, òkùnkùn ni. Ọmọ wá ránṣẹ́ sílé: “Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kó di keje. Ẹ faṣọ bo díńgí. Ẹ tẹ̀lé ọmọbìnrin yín lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú ojú yín. Ibi yòówù kí ẹ wà, màá wá yín rí.”

7 tí mo rí tó pọ̀ nìyẹn. Ó ń bẹ̀ wọ́n ni. Èmi ní kí wọ́n dúró.

Gàníù ti padà sí Ìpobẹ̀. Tó bá wá ṣọdún, á kí mi dáadáa, kò mẹ́nu ba ìwé náà rí. Màmá sì ń bẹ. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á ní kí n wá ka ti bodè méje. Wọ́n ní òun ló ń fún àwọn lókun. Nígbà tí n kò mọ̀wé, mo ń kà á. Ní báyìí tí mo mọ̀ ọ́n, n kò lè kà á. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń purọ́ pé ara mi kò yá.

Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Tí Màmá bá lé mi, kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Wọ́n ń pè mí lọ́wọ́ báyìí láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ṣé ara ti le? Mú ìwé bọ̀.”

Èwo ni kí n kà fún wọn?